Ọmọ mi fẹ́ fo Geometry bọ́ sí Algebra 2: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ nílé, báwo lẹ ṣe ń to ìṣirò?

ÌyáTèmi_Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni mo wà, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi nílé. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló gbé mi dé, ó sì gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Àkọ́bí mi, obìnrin, ọmọ ọdún 13, á wọ grade 8 ní oṣù kẹjọ. Oṣù márùn-ún péré ló fi ṣe Algebra 1 tán lórí Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan, ó wá ní òun ò ṣe Geometry, ìyẹn ìṣirò igun àti àwòrán, kí òun kúkú bọ́ sí Algebra 2 tààrà, torí ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Calculus, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, ni kó máa sáré lé, pé Geometry kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ìdá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní kó ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, á ro òkè pọ̀, á ro ìsàlẹ̀ pọ̀, á kọ 2/5 síbẹ̀, ọkàn ẹ̀ á sì balẹ̀. Bàbá wọn wá ní ká fi òun náà sínú Algebra 1 lọ́dún yìí kó má baà kẹ́yìn àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní ilé-ìwé.

Abẹ́òkúta lèmi ti kàwé, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò wà nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣe algebra lónìí ẹ ó ṣe igun àti òbìrìkìtì lọ́la, torí náà bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀ lọ́dọọdún níbí yìí ò tíì yé mi dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yìí rí ni kó bá mi sọ̀rọ̀.

BàbáÌbejì_Maryland
Mummy Tèmi, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó ní Amẹ́ríkà níbí nìyí: Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus, kó tó wá kan Calculus. Ọmọ tó bá ṣe Algebra 1 ní grade 8, grade 12 ló máa kan Calculus. Èyí tó bá ṣe é ní grade 9, Precalculus ló máa bá jáde, ọ̀pọ̀ ló sì ti ibẹ̀ wọ yunifásítì láìsí wàhálà. Ẹ wá wò ó, ọmọ yín ti ṣe tiẹ̀ tán kó tó wọ grade 8. Tí kò bá fo nǹkan kan rárá, grade 11 ló máa dé Calculus, ọdún kan gbáko tún wà lọ́wọ́ ẹ̀. Eré kí ló wá ń sá?

Àwọn kan wà tó máa ń ṣe Algebra 1 àti 2 tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n tó padà wá ṣe Geometry. Ìyẹn ò burú. Àwọn ìbejì mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ̀nà tí wọ́n gbà. Táíwò ṣe Geometry sáàárín, ìgbà tó fi máa dé Algebra 2 ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fọ́ quadratic, ìyẹn èyí tó ní x² nínú, sí wẹ́wẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi tún un kọ́. Kẹ́hìndé ṣe algebra méjèèjì tẹ̀léra, kò gbàgbé nǹkan kan, àmọ́ nígbà tó dé Geometry ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ní kí lòun tún fẹ́ fi àwòrán ṣe. Kò sí èyí tí kò ní wàhálà tiẹ̀. Ohun tá a wá ń ṣe fún àbúrò wọn báyìí ni pé Geometry ló ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo Fúráìdeè á jókòó ti ìbéèrè algebra mẹ́wàá, kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì gbàgbé. Kẹ́ ẹ sún Geometry síwájú, kò sí ẹjọ́. Kẹ́ ẹ fò ó pátápátá, mi ò ní bá yín fọwọ́ sí i mà.

Tíṣà_Ìbàdàn
Ẹ kú alẹ́ o. Ọdún 22 ni mo fi kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ní báyìí àwọn ọmọ yín tó wà lókè òkun ni mò ń kọ́ lórí Zoom. Ìyá Tèmi, kẹ́ ẹ tó mú kọ́ọ̀sì kankan, ẹ má wo orúkọ èyí tọ́mọ ti ṣe tán, ẹ wo ohun tó lè ṣe lórí bébà òfìfo. Lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ lè tẹ ìdáhùn kan, tí kò bá gbà á kó tẹ òmíì, kó ṣí ìrànlọ́wọ́ wò, títí tó fi máa gba máàkì. Bébà ò ní ràn án lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́la, ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, kó má sí fóònù, kó má sí kálíkúlétọ̀. Kó tú (x + 3)² sílẹ̀. Kó wá x níbi 2x/3 − 1/4 = 5/6, ìdáhùn ẹ̀ ni 13/8, ẹ wò ó bóyá á bẹ̀rù torí pé kì í ṣe odidi. Kó ya ìlà y = −2x + 5, kó sì fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé ohun tí −2 yẹn ń ṣe fún ìlà náà. Mẹ́ta yìí ti tó.

Èyí àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa kọ x² + 9. Tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ má bínú, ẹ má sì tíì sọ fún un pé kò gbà á. Ẹ ní kó fi 2 sípò x. 2 àti 3 jẹ́ 5, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, tiẹ̀ á jẹ́ 4 àti 9, ìyẹn 13. Òun fúnra ẹ̀ á rí i pé nǹkan ti sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ẹní kan sórí kádíbọ́ọ̀dù, kí òró ẹ̀ jẹ́ x + 3, kí ìbú ẹ̀ náà jẹ́ x + 3, kó fi àlùmágàjí gé e sí mẹ́rin: ńlá kan tó jẹ́ x², kékeré kan tó jẹ́ 9, àti méjì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3x. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yẹn ló gbàgbé. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ gé e, mi ò tíì rí èyí tó padà kọ x² + 9 fún mi.

Ó wá ku Geometry. Ibẹ̀ lọmọ ti máa kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ kan tó máa ní láti sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ, láìfo ẹyọ kan. Onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjì bá dọ́gba, kí ló dé tí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì fi dọ́gba? “Mo rí i pé wọ́n dọ́gba” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹnjiníà nílò irú èrò yìí. Àti pé inú àwọn onígun mẹ́ta tó jọra ni sine àti cosine, ìyẹn ìpín ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ti ń yọ, wọ́n sì kún inú Precalculus bámúbámú. Ọmọ tó fo Geometry á bá wọn pàdé níbẹ̀ bí àjèjì, á wá máa há wọn sórí.

Àbúrò ẹ̀ ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ má tì í síwájú. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi ń wọn nǹkan ní kíṣìnì, ẹ bu gàrí ìdajì kọ́ọ̀pù sínú abọ́, ẹ bu ìdáta kún un. Ẹ wá bi í pé 2/5 tó kọ yẹn, ṣé ó tó ìdajì? Kò tó. Ṣé a bu gàrí lé gàrí ló wá dín kù ni? Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ rò ó. Tí ìdá ò bá tíì yé e, Algebra 1 ò ní gbà á sílẹ̀, ìdá kan náà ló máa tún bá níwájú, x á ti wà lórí ẹ̀.

BàbáTèmi
Èmi ni bàbá àwọn ọmọ náà, ìyàwó mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí. Tíṣà, ẹ ṣeun sà, ti Tèmi yé mi. Ṣùgbọ́n ti ọmọkùnrin yẹn ò tíì wọ̀ mí lára. Gbogbo ìparí ọdún la máa ń pé jọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á máa sọ Algebra, òun á wà nídìí ìdá. Ojú ti èmi náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mọ bó ṣe rí lára, mi ò fẹ́ kó ṣe ọmọ mi. Ṣé kò ní pẹ́ jù fún un báyìí?

Tíṣà_Ìbàdàn
Bàbá Tèmi, ẹ kú ọkàn ọmọ. Ọmọ ọdún 12 ni, grade 7 ló máa wọ̀ àbí? Ẹ jẹ́ kó fi ọdún yìí ṣe Pre-Algebra dáadáa, ìdá, ìdá ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà tó kéré sí òdo, kó ṣe Algebra 1 ní grade 8. Ìṣirò tí Bàbá Ìbejì ṣe lókè yẹn, òun náà á dé Calculus ní grade 12. Kò pẹ́ rárá. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ ya ọdún kọ̀ọ̀kan sórí bébà fún un kó rí i.

Ẹ wá fún un ní nǹkan tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ̀nyẹn ò mọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní òǹkà Yorùbá. Márùndínlógún, ogún tá a yọ márùn-ún kúrò nínú ẹ̀. Àádọ́ta, ogún mẹ́ta tá a yọ mẹ́wàá kúrò. Ẹ ní kó kọ mẹ́tàdínláàádọ́ta sílẹ̀ bí íkúéṣọ̀n: (20 × 3) − 10 − 3 = 47. Lẹ́yìn náà kó kọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún fúnra ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo bá ṣe èyí, ìyọkúrò ò bà wọ́n lẹ́rù mọ́, wọ́n sì mọ ìdí tá a fi ń ṣe ìlọ́po kó tó kan ìyọkúrò.

ỌmọDáyọ̀_Atlanta
Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kúulé o. Ọmọ yín ni mí, wọ́n kọ́ èmi náà nílé ni, mo wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ ẹnjiníà báyìí. Ohun tí àbúrò mi Tèmi fẹ́ ṣe yẹn, èmi ṣe é. Mo fo Geometry, mo sáré ṣe Algebra 2, mo ti wà nínú Calculus kí n tó pé ọdún 16, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìgbà tí mo dé yunifásítì, ìdánwò Calculus àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo fi orí gbalẹ̀. Calculus gan-an ò le fún mi o, mo mọ ohun tí derivative jẹ́, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń yára yí padà, mo lè ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Ibi tí mo ti ń ṣubú ni kí n kó ìdá tí x wà nísàlẹ̀ ẹ̀ pọ̀ mọ́ra, àti kí n mọ̀ pé onígun mẹ́ta tí mo yà jọ èkejì nínú ìbéèrè tí wọ́n ti ní kí á wá bí omi ṣe ń yára kún inú táǹkì tó rí bíi kóònù. Táǹkì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Mo mọ gbogbo fọ́múlà, mi ò mọ ibi tí onígun mẹ́ta wà. Mo padà sí Geometry fúnra mi ní ìsinmi, mo fi oṣù mẹ́ta ṣe é lóròòru. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má fò ó.

ÌyáLékan_London
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìlú Ọba, wọn ò yà á sọ́tọ̀, gbogbo ẹ̀ wà pọ̀ nínú GCSE bíi ti WAEC tiwa, bébà mẹ́ta, wákàtí kan àbọ̀ ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú ẹ̀ kò sí kálíkúlétọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé níbí mọ̀ ni pé bébà Foundation, èyí tó rọrùn, ò lè fún ọmọ ju èsì grade 5 lọ nínú 9, tọ́mọ bá ń rò ó pé òun máa ṣe A level Maths, èyí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì, Higher, bébà tó le, ni kẹ́ ẹ múra fún. Ẹ tètè wá ibi tó máa gba ọmọ yín láti jókòó ṣe ìdánwò, torí owó yín lẹ fi máa san án, kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ń gbà wọ́n. Lékan mi ṣe tiẹ̀ ní ọdún 15, ó fi ọdún tó kù mú Further Maths mọ́ A level. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹní yẹn, mo fẹ́ lọ ṣe é fún àbúrò ẹ̀ lálẹ́ òní.

BàbáỌlá_Ìkẹjà
Ẹ jẹ́ kí n yà bá yín díẹ̀. Èkó lèmi wà, kọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà la fi ń kọ́ ọmọ wa nílé, ó ti ṣe Algebra 1 àti Geometry, ó ń ṣe Algebra 2 lọ́wọ́. WAEC tàwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé la fẹ́ kó ṣe. Mo wá fún un ní ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, ó yanjú ti algebra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dé ibi bearing, ìyẹn igun tí wọ́n ń wọ̀n láti àríwá, àti ibi longitude àti latitude, ó ní “Daddy, kí nìyí?” Kò rí i rí. Kí ni ká ṣe?

Tíṣà_Ìbàdàn
Bàbá Ọlá, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹ gba síléébọ́ọ̀sì WAEC, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ, kó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí kò bá pàdé rí. Kò ní ju nǹkan bíi mẹ́jọ, mẹ́wàá lọ: bearing, longitude àti latitude, sets, modular arithmetic, logarithm tí wọ́n bá ti sún un dé ẹ̀yìn Algebra 2, àtàwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ká yà sọ́tọ̀ fún ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odidi bébà pẹ̀lú aago. Objective 50 ní wákàtí kan àbọ̀, theory ní wákàtí méjì àbọ̀. Àwọn tó kọ́ ọ ní ìpínpín, ohun tó máa ń dà wọ́n láàmú ni pé ìbéèrè kan á jẹ́ igun, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ owó èlé, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn pé orí wo ló ti wá. Ó gba kí ara mọ́ ọn.

Àǹtí_Dallas
Mummy Tèmi, Texas kan náà la jọ wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé àti ti ìjọba. Látìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas ti dá ẹjọ́ lórí kíkọ́ ọmọ nílé ní 1994, bíi ilé-ìwé aládàáni ni wọ́n ṣe ka ilé wa. Ìṣirò wà nínú nǹkan márùn-ún tó jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n ìjọba ò sọ fún yín pé Geometry ni kó ṣáájú tàbí Algebra. Ẹ̀yin lẹ máa kọ transcript, ìwé tó ń to kọ́ọ̀sì àti máàkì ọmọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, orúkọ kọ́ọ̀sì, ìwé tẹ́ ẹ lò, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, torí tó bá di grade 12 ẹ ò ní rántí mọ́. Àwọn yunifásítì máa ń wo Geometry lójú ìwé yẹn, tí wọn ò bá rí i wọ́n á béèrè.

SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, náà ńkọ́? Látìgbà tó ti di ti kọ̀ǹpútà níbí ní oṣù kẹta 2024, ìbéèrè maths 44 ni, ìṣẹ́jú 70, kálíkúlétọ̀ Desmos sì wà nínú ẹ̀ gan-an. Geometry àti trigonometry tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó fò ó ti fi ìyẹn sílẹ̀ lọ.

AP, ìdánwò ìpele yunifásítì fún ọmọ girama, wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò ẹ̀, ṣùgbọ́n àárín oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni ilé-ìwé ti gbọ́dọ̀ béèrè fún bébà ọmọ yín. Èmi ò mọ̀. Oṣù kejì ni mo tó lọ bá ilé-ìwé kan tó wà nítòsí wa, wọ́n dá mi padà, ọmọ ti fi odidi ọdún kan ka Calculus AB ti AP. Omi bọ́ lójú ẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Community college la padà gbé e lọ, wọ́n fún un ní placement test, ó bọ́ sí Calculus 2 níbẹ̀, ó sì gba credit ẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé-ìwé láti oṣù kẹjọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ọmọ tó ń kàwé nílé. Tí ẹnì kan bá sọ pé rárá, ẹ pe òmíì.

BàbáÌbejì_Maryland
Ọ̀rọ̀ Àǹtí yìí wúlò gan-an. Kí n fi kún un pé Calculus BC kó gbogbo AB sínú, ó tún lé e lórí, ọmọ tó bá ṣe BC ẹ ó rí èsì AB ẹ̀ nínú ẹ̀ náà. Kì í ṣe dandan kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣe AB tí Precalculus wọn bá ti dúró ṣinṣin. Tèmi ní ọdún kan lọ́wọ́ tó ṣẹ́kù, ẹ lè fi ṣe Statistics, tàbí kẹ́ ẹ fi fa Algebra 2 lọ́ra. Èmi á fi fa Algebra 2 lọ́ra.

ÌyáTèmi_Houston
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ṣe ìdánwò bébà òfìfo yẹn ní àárọ̀ Sátidé lórí tábìlì ìjẹun. Ìlà yẹn, ó yà á dáadáa, ó sì ṣàlàyé −2. Ìdá yẹn pẹ́ ẹ lọ́wọ́, ó gba 13/8, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó ní “Mummy, kò dà bíi pé ó jẹ́ òótọ́.” (x + 3)² ńkọ́? x² + 9. Mo pa ẹnu mi mọ́ bí Tíṣà ṣe wí. Mo ní kó fi 2 sí i. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbójú sókè wò mí, kò sọ̀rọ̀. Páálí tí wọ́n fi kó bàtà wá la gé. Ó lẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri yàrá ẹ̀, ó kọ 3x sára àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì pẹ̀lú bíròò pupa. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Dáyọ̀ sí i létí, ibi táǹkì yẹn ló mú un. Òun fúnra ẹ̀ ló ní òun máa ṣe Geometry.

Ohun tá a wá pinnu rèé, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa: títí di oṣù kẹjọ, àtúnṣe Algebra 1 lórí bébà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Lẹ́yìn náà Geometry fún odidi ọdún kan, Fúráìdeè jẹ́ ti algebra. Àbúrò ẹ̀ ń ṣe Pre-Algebra, bàbá ẹ̀ ló gbà láti máa jókòó tì í lálẹ́. Ó ti ń ka mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún fún gbogbo ẹni tó bá pe fóònù.

Tíṣà_Ìbàdàn
Ó dáa gan-an mà. Ẹ̀yọ kan ṣoṣo: ìwé Geometry tẹ́ ẹ bá rà, ẹ ṣí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá rí i pé “wá x” ni gbogbo ìbéèrè ẹ̀, tí kò sí “sọ ìdí ẹ̀” níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

ÌyáTèmi_Houston
Ẹ káàsán o, mo padà wá jábọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì Geometry rèé. Mo ní kí Tèmi gé onígun mẹ́ta kan, kó fa igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí rúlà. Wọ́n jókòó pẹ́rẹ́ sójú ìlà, ìyẹn degree 180. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ pa ìwé dé. Ó ní “Mummy, ẹyọ kan ṣoṣo la ṣì gé o, ṣé gbogbo wọn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀?” Ó fa pẹ́ńsù, ó ya ìlà kan kọjá lórí ṣóńṣó onígun mẹ́ta míì, kó bá ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ ní dọ́gbadọ́gba, ó ń fi ìka tọ àwọn igun yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú rèé, ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò dá sí i.